Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: àga ìrọ̀gbọ̀kú tí gbẹ́nàgbẹ́nà Sakin lè kàn

Bí àlejò bá wọ ilé Yorùbá, kí a tó bi í ní iṣẹ́ tí ó bá wá, àga ni a kọ́kọ́ máa ń gbé fún un. Omi ni ó máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ̀ ni ìjókòó jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Benin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Benin. Àwọn ọmọ-ogun ọ̀gágun Dodds ni ó kó wọn ní Abomey ní ọdún 1892. Àga àwọn ọba Danhomè wà lára ohun tí ó padà wálé náà.

Ṣùgbọ́n àga lè bu ọlá fún ènìyàn, kí ó sì tún máa dá a lóró. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè le bí ògiri. Ìjókòó rẹ̀ lè ga jù, tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù. Ẹni tí ó jókòó lé e á máa yí síhìn-ín, á máa yí sọ́hùn-ún. Nígbà tí ó bá fẹ́ dìde, á fi ọwọ́ di ìbàdí mú.

Sakin jẹ́ ọ̀kan nínú àrọ́ńdísímà 8 tí ó wà ní kọ́múùnù Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rírò kò ṣàjèjì níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó kọ ebè iṣu láti àárọ̀, obìnrin tí ó jókòó lórí àpótí kúkurú nídìí iná gààrí, aránṣọ tí ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo wọn ni ẹ̀yìn ń bá wí ní alẹ́. Bí irú wọn bá sì lọ sí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, bẹ́ǹṣì tí a kàn fún ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń bá níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn, ọkàn rẹ̀ kò lè dúró sínú ìwé.

Ǹjẹ́ a lè kan àga tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rọ̀, tí a sì lè dá sẹ́yìn tàbí mú wá síwájú bí ara bá ti fẹ́? A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò sì gba ohun tí a ní láti rà ní òkè òkun. Igi, okùn, ìwọ̀n tí ó péye àti ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbà.

Kí ni ìjókòó ń fi ẹ̀yìn ṣe?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìbàdí àti ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé. Kò sí àìlera mìíràn tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ tó o.

Ọ̀pá-ẹ̀yìn kì í ṣe eegun kan ṣoṣo. Eegun kéékèèké ni Ẹlẹ́dàá tò lé ara wọn bí ẹni to odó lé odó. Láàrin eegun kan àti èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tí ó dà bí tìmùtìmù. Òun ni kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Ọ̀pá-ẹ̀yìn kò sì gún gbọọrọ bí igi òpó. Ní ìbàdí, ó tẹ̀ wọ inú díẹ̀. Nígbà tí a bá jókòó láìfẹ̀yìn ti nǹkan, ibi tí ó tẹ̀ wọ inú náà a ru jáde, gbogbo ẹ̀yìn a sì tẹ̀ bí ọrún. Nígbà náà ni ẹrù ara yóò tẹ tìmùtìmù wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀ ní apá kan ju èkejì lọ.

Ní àárín ọdún 1960 sí 1980, dókítà Alf Nachemson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden wọn bí ẹrù náà ti wúwo tó. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ inú tìmùtìmù tí ó wà láàrin eegun ẹ̀yìn àwọn tí ó gbà fún wọn. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fẹ̀yìn ti àga tí ó dá sẹ́yìn, ẹrù náà a fúyẹ́. Bí ohun kan bá sì tún gbé ìbàdí ró, a fúyẹ́ sí i.

Síbẹ̀, kò sí ìjókòó kan tí ó dára fún gbogbo ọjọ́. Ẹni tí ó ń jẹun kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tí ó ń sinmi. Bí ara bá sì pẹ́ jù lójú kan, á kan gógó. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ìfẹ̀yìntì àga lè ṣípò.

Àwọn àga tí a ti mọ̀

Ní ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àga kan wà tí a fi pákó méjì ṣe. A lu ihò sí ọ̀kan, a sì ti èkejì bọ inú rẹ̀. Kò ní ìṣó, ó sì rọrùn láti tú, kí a gbé e lọ. Ṣùgbọ́n pákó líle ni, ojú kan ṣoṣo sì ni ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà.

Àga onírin tí a fi okùn ike hun wà ní Bámákò, ní Wàgádúgù àti ní ìlú wa pẹ̀lú. Okùn rẹ̀ ń fà, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ẹ̀yìn nígbà ooru. Ohun tí ó kù sí i ni pé a kò lè dá ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni àga aláṣọ tí àwọn tí ó ń sọ èdè Faransé ń pè ní « transat ». Orí ọkọ̀ ojú omi tí ó ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni ó ti gba orúkọ náà. Ní ọdún 1886, John Moore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀rí fún àga tí a lè ká, tí a sì lè yí bí ó ti dá sẹ́yìn padà. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ láàrin. Kò gbé ìbàdí ró. Arúgbó tí ó bá jókòó sínú rẹ̀ yóò wá ẹni tí yóò fà á dìde.

Ọgbọ́n tí ó ti ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé jáde

Ní ọdún 1866, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Warington Taylor, tí ó jẹ́ alábòójútó ilé-iṣẹ́ William Morris ní Lọ́ńdọ̀nù, rí àga kan ní agbègbè Sussex. Gbẹ́nàgbẹ́nà àgbàlagbà kan, Ephraim Colman, ni ó kàn án. Ìfẹ̀yìntì àga náà ń ṣí, ó sì ń padé bí ilẹ̀kùn. Ọ̀pá kan dábùú lẹ́yìn rẹ̀ láti dá a dúró. Bí a bá sún ọ̀pá náà sẹ́yìn, ìfẹ̀yìntì á dá sẹ́yìn. Bí a bá sún un síwájú, ìfẹ̀yìntì á nàró.

Taylor ya àwòrán àga náà ránṣẹ́ sí Philip Webb, ẹni tí ó ń ya àwòrán iṣẹ́ fún Morris. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kò pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà náà fi ń kàn án, tí wọ́n sì ń pè é ní àga Morris. Orúkọ ọlọ́jà ni ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé ni ọgbọ́n náà ti jáde. Ohun tí Colman fi igi àti ayùn ṣe ní abúlé rẹ̀, kò sí ohun tí ó ní kí a má lè ṣe é ní Sakin.

Ìwọ̀n márùn-ún

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà, kí a tó gé igi, kí ẹni tí yóò ni àga jókòó sórí àpótí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Kí a wá wọn nǹkan márùn-ún:

1. Láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Èyí ni gíga ìjókòó. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń wà láàrin sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45.
2. Láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún. Kí a yọ ìka mẹ́ta kúrò. Èyí tí ó kù ni ìjókòó yóò fi jìn. Bí a kò bá yọ ọ́, etí àga yóò máa tẹ iṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì kú tipiri.
3. Bí ìdí ti fẹ̀ tó. Kí a fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kún un.
4. Láti orí àpótí dé ìgúnpá tí a ká. Ibẹ̀ ni apá àga yóò wà.
5. Láti orí àpótí dé èjìká. Ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ kúrú ju èyí lọ.

Bí a ṣe ń kàn án

Igi tíìkì dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ikán kì í tètè jẹ ẹ́. Ọ̀gànwó àti apá náà lágbára, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé igi inú igbó láìgba ìyọ̀ǹda àwọn aṣọ́gbó. Kí igi gbẹ dáadáa. Bí a bá fi igi tútù kan àga, nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, igi á sún kì, oríkèé á sì máa mì. Ìṣó nìkan kò tó ní oríkèé. Orí igi kan ni kí ó wọ inú ihò igi kejì ṣinṣin.

Kí ẹ̀yìn ìjókòó fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 rẹlẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì má baà máa yọ̀ síwájú. Ti arúgbó yàtọ̀. Kí tirẹ̀ tẹ́jú, kí ó sì ga díẹ̀ sí i, kí ó lè fi ọwọ́ ti apá àga dìde fúnra rẹ̀.

Kí a so ìsàlẹ̀ ìfẹ̀yìntì mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó pẹ̀lú irú irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Kí apá àga méjèèjì gùn kọjá ìfẹ̀yìntì lọ sẹ́yìn. Orí ibi tí ó gùn yọ yìí ni a óò gé eyín mẹ́ta sí, bíi ti ayùn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀pá róbótó kan yóò dábùú sínú eyín náà, ìfẹ̀yìntì yóò sì sinmi lé e.

Níbo ni kí a gé eyín sí? Kí a so òkúta mọ́ okùn, kí a fi okùn náà kọ́ orí ìfẹ̀yìntì, kí òkúta sì rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn àga. Bí ìfẹ̀yìntì bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, kí a dá a sẹ́yìn títí okùn yóò fi jìnnà sí ìdí ìfẹ̀yìntì ní sẹ̀ǹtímítà 12. Kí a sàmì sí ibi tí ọ̀pá bọ́ sí. Ibẹ̀ ni eyín kìn-ín-ní, fún oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́. Kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24 fún ìwé kíkà àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti ní 35 fún ìsinmi.

Kí a má ṣe fi pákó dí inú ìfẹ̀yìntì. Okùn tàbí rọ́bà inú táyà alùpùpù tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a fi hun ún. Kí a fa èyí tí ó wà ní ìbàdí le ju ti òkè lọ, kí ó lè gbé ìbàdí ró. Bí ó bá yá, tí rọ́bà rọ̀, a lè tú u, kí a tún un fà. Kí a ta aṣọ kíjìpá bò ó, nítorí pé rọ́bà máa ń gbóná bí oòrùn bá pa á. Tìmùtìmù tí a fi òwú kún inú rẹ̀ ni yóò wà lórí ìjókòó.

Ìkìlọ̀

Bí ìfẹ̀yìntì bá ti dá sẹ́yìn, ẹrù ara ń lọ sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga kò bá yọ sẹ́yìn tó, àga yóò dojú dé. Kí a kọ́kọ́ gbé àpò àgbàdo lé e ní eyín kẹta, kí ènìyàn tó jókòó. Kí ẹni tí ó wà lórí àga dìde kí a tó ṣí ọ̀pá nípò, kí a sì lé ọmọdé kúrò nítòsí, nítorí ìka.

Àga kò lè wo ẹ̀yìn sàn. Bí ìrora bá pẹ́, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kí a lọ.

Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ lè kọ ìwọ̀n márùn-ún òkè yìí sórí tákàdá, kí ó mú un lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà. Kí ó kọ ti ìyá tàbí bàbá rẹ̀ tí ó wà nílé pẹ̀lú, lọ́tọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò ní máa fojú díwọ̀n mọ́, ẹni tí ó san owó kò sì ní gbé àga ẹlòmíràn lọ sílé.