Ológbò Tí Kì Í Jẹun: Rọ́bọ́ọ̀tì Nínú Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan nínú wọn ti ń ròyìn lórí fóònù pé ológbò àti ajá tí kì í jẹ, tí kì í mu, ti wọ ibi iṣẹ́ wọn. Rọ́bọ́ọ̀tì ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: Ṣé ó ń ṣe àgbàlagbà lóore? Ṣé kì í kó àrùn ràn wọ́n? Ṣé ó tọ́ kí a fi ẹ̀rọ rọ́pò ọmọ? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Irú ẹ̀rọ wo ni?

Èyí tó lókìkí jù ni PARO, tí onímọ̀ kan ní Japan, Takanori Shibata, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní 1993. Ó jọ ọmọ ẹranko inú òkun kan tí wọ́n ń pè ní seal. Irun funfun bò ó, ó sì wúwo tó ọmọ tuntun. Wọn kò ṣe é ní ológbò, nítorí ẹni tó ti sin ológbò rí yóò máa fi wé ti gidi, yóò sì rí àbùkù rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti gbé ọmọ seal rí? Bí èèyàn bá fọwọ́ pa á lára, yóò ṣẹ́jú, yóò gbórí sókè, yóò sì ké. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Japan ní 2005. Ní 2009, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun èlò ìṣègùn. Owó rẹ̀ tó 6,000 dọ́là.

Àwọn tí owó wọn kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ náà wà. Ológbò àti ajá Joy for All, tí ilé iṣẹ́ Hasbro kọ́kọ́ gbé jáde ní 2015, kò ju ọgọ́rùn-ún dọ́là àti díẹ̀ lọ.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́?

Àwọn tí wọ́n ń lò ó fún jù ni àwọn tó ní dementia, àrùn ọpọlọ tó ń mú àgbàlagbà gbàgbé ọmọ tó bí àti ilé tó kọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa pariwo, kó máa sunkún, kó má sì jẹ́ kí wọ́n wẹ òun.

Ibi tó ti kan iṣẹ́ apòògùn nìyí. Nígbà mìíràn, oògùn tí wọ́n ń lò fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ líle ni wọ́n máa ń fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kó lè dákẹ́. Oògùn yìí lè mú un sùn lásùnjù, ó lè mú un ṣubú, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Láti 2005 ni àjọ Amẹ́ríkà yẹn ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ pé ó ń fi kún ewu ikú fún àwọn arúgbó tó ní dementia. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè fi àgbàlagbà lára balẹ̀ láìgbé hóró oògùn mì yẹ kí a fojú sí.

Ní Australia, àwọn olùwádìí dán PARO wò láàárín àwọn àgbàlagbà 415 ní ilé ìtọ́jú 28, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn kan gba PARO, àwọn kan gba PARO tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ inú rẹ̀, ìtọ́jú ojoojúmọ́ nìkan ni àwọn yòókù gbà. Ìṣẹ́jú 15 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn tó gba PARO fara balẹ̀, inú wọn sì dùn, ju àwọn tó gba ìtọ́jú lásán lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn tó gba èyí tí kò ṣiṣẹ́ kéré. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun rírọ̀ tí ọwọ́ lè dì mú ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Kò sídìí láti lọ yá owó ra ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ẹ má sì ṣe dá oògùn àgbàlagbà dúró nítorí rọ́bọ́ọ̀tì. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìmọ́tótó rẹ̀

Ológbò gidi lè ha àgbàlagbà lára. Awọ arúgbó fẹ́lẹ́, bó bá sì ń lo warfarin, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá. Ológbò lè kó làpálàpá ràn án, irun rẹ̀ sì lè ru ikọ́ fée sókè. Rọ́bọ́ọ̀tì kò ní ìwọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Ọwọ́ Màmá kan ni yóò ti bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Wọn a fẹnu kò ó lẹ́nu, wọn a sì gbé e lé itan nígbà oúnjẹ. Ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Plymouth yẹ irú rọ́bọ́ọ̀tì báwọ̀nyí wò lẹ́yìn tí àwọn arúgbó ti lò wọ́n fún ìṣẹ́jú 20 péré. Bakitéríà tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn ti ju ìwọ̀n tó yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò nù wọ́n, ó lọ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú arúgbó, ẹ di èyí mú:

- Ẹ fọ ọwọ́ yín àti ọwọ́ àgbàlagbà kó tó gbé e, àti lẹ́yìn tó bá gbé e sílẹ̀.
- Bó bá ṣeé ṣe, ẹnì kan, rọ́bọ́ọ̀tì kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ nù ún kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.
- Oògùn apakòkòrò tí ìwé rẹ̀ fọwọ́ sí ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má rì í sínú omi, ẹ má sì da Jik tàbí Hypo sí i.
- Ẹni tó ní egbò tó ṣí sílẹ̀, èébì tàbí àrunṣu kò gbọ́dọ̀ pín in lò. Nígbà àrunṣu, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, torí sanitizer kì í pa gbogbo kòkòrò tó ń fà á.
- Kó má sí nítòsí oúnjẹ. Ẹ sì rí i pé ìdérí bátìrì rẹ̀ le.

Ẹ bi í kí ẹ tó gbé e fún un

Ẹ ro ti ìyá wa kan tó ní dementia ní ilé ìtọ́jú ní òkè òkun. Ó lè gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, kó má gbàgbé àlùwàlá. Bí wọ́n bá gbé rọ́bọ́ọ̀tì ajá lé e lẹ́sẹ̀, ajá gidi ni yóò kà á sí. Yóò rò pé itọ́ ajá ti ba aṣọ ìrun òun jẹ́, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ tètè sọ fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Ológbò kò ní irú ìṣòro yìí: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Ní ti ère àti àwòrán, ẹ bi àwọn àáfáà yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kì í ṣe ọmọdé lòun tí wọn yóò fi bèbí tàn, ẹ gbé e kúrò. Bó bá sì béèrè pé, "Ṣé ó wà láàyè?", ẹ fi sùúrù sọ òótọ́ fún un.

Bí òkété bá dàgbà

Nínú Suratul-Isra, āyà 23, Ọlọ́hun so ìjọ́sìn Rẹ̀ pọ̀ mọ́ ṣíṣe dáadáa sí òbí, Ó sì dárúkọ ìgbà ogbó wọn ní pàtó. Àwọn baba wa náà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ ni wọ́n wí. Bí ẹ bá ra ológbò yìí fún Màmá, ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè orúkọ tó sọ ọ́, kí ẹ bi í bóyá wọ́n sin ológbò nílé baba rẹ̀ nígbà èwe. Bí ìtàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ológbò ti ṣe tirẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ di ọwọ́ Màmá mú. Ẹ ṣáà ti fọ ọwọ́ kọ́kọ́.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní ogbó alálàáfíà. Āmīn.