Akọni Tí Wọn Ò Kọ́kọ́ Dárúkọ

Tí a bá gbọ́ àmì ẹ̀yẹ akínkanjú ológun, ọ̀gágun ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣe dé àyà ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun.

Orúkọ rẹ̀ ni Doris Miller. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ, ọkùnrin ni, ọmọ àgbẹ̀ láti Waco ní Texas, Amẹ́ríkà. Nígbà tó wọṣẹ́ ológun ojú omi ní 1939, ìdí oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀ ni wọ́n ń kó àwọn adúláwọ̀ sí. Wọn ò kọ́ ọ ní ìbọn ńlá inú ọkọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941, ó ń kó aṣọ ìdọ̀tí jọ nínú ọkọ̀ USS West Virginia, ní Pearl Harbor, nígbà tí bàálù ogun Japan dé. Wọ́n ju tọ́pídò, ìyẹn àdó olóró tó ń gba abẹ́ omi sáré, lu ọkọ̀ náà. Miller sáré lọ síbi tó yẹ kó dúró sí, àmọ́ ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ló bá ń gbé àwọn tó fara pa. Wọ́n pè é kó wá bá wọn gbé ọ̀gá ọkọ̀, Mervyn Bennion, tó ti gbọgbẹ́ ikú. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí ìbọn tí wọn ò kọ́ ọ rí, ó ń yìn ín sí bàálù títí ọta fi tán.

Ibi tó dùn mí nìyí: nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń yin àwọn akọni ọjọ́ náà, adúláwọ̀ kan lásán ni wọ́n pè é. Kò lórúkọ! Ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, tí àwọn adúláwọ̀ ń ṣe, ò dákẹ́, títí orúkọ rẹ̀ fi jáde ní oṣù Kẹta 1942. Ìwé ìyìn ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ní oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí Navy Cross, àgbélébùú idẹ fún akínkanjú ojú omi. Admiral Nimitz fi kọ́ ọ láyà ní ọjọ́ 27 oṣù náà. Òun ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Síbẹ̀, ìdí oúnjẹ ló ṣì wà nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ mìíràn, Liscome Bay, rì ní oṣù Kọkànlá 1943. Ó bá a lọ, ọmọ ọdún 24 ni. Ní 2020, wọ́n kéde pé wọn yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé bàálù ogun.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn, àwọn akọ̀ròyìn ló wá orúkọ yẹn jáde. Tí a bá fẹ́ kọ nípa ẹni tó ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́ wa, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.