Ìtọ́ni Àbínibí àti Ìtọ́ni Àkọsínú: Bí Ẹ̀rọ Adarí Ṣe Ń Jí, àti Bí Ó Ṣe Ń Bọ̀ Sípò

Ìfáàrà

Nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ amúlétutù àti mítà iná, ẹ̀rọ adarí kékeré kan wà tí ó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan ju ìtọ́ni inú rẹ̀ lọ. Bí ìtọ́ni yìí bá bàjẹ́, bóyá nítorí pé iná lọ nígbà tí a ń kọ tuntun lé ògbólógbòó, ta ni yóò sọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe fún un? A ó fi Raspberry Pi Pico, tí ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2021, dáhùn ìbéèrè náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ‘ìtọ́ni àbínibí’ ni èyí tí a ṣe mọ́ ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́, tí olùlò kò lè pa rẹ́. ‘Ìtọ́ni àkọsínú’ ni èyí tí olùlò lè kọ, tí ó sì lè pa rẹ́.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń jí

Nínú RP2040, tí í ṣe ọpọlọ Pico, kílóbáìtì 16 ni àyè ìtọ́ni àbínibí. Òun ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí iná bá ti dé. Yóò wò ó bóyá a tẹ bọ́tìnì BOOTSEL mọ́lẹ̀. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, yóò ka báìtì 256 àkọ́kọ́ nínú ìtọ́ni àkọsínú. Báìtì 4 tó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ àmì àyẹ̀wò, iye kan tí a ṣírò láti ara 252 tó ṣáájú. Ẹ̀rọ yóò tún un ṣírò. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, yóò fa àkóso lé ìtọ́ni àkọsínú lọ́wọ́. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò fara hàn lórí kọ̀ǹpútà tí a so ó mọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ fáìlì, kí a lè kó ìtọ́ni tuntun sínú rẹ̀.

Ààlà àyẹ̀wò

Ṣùgbọ́n báìtì 256 péré ni àyẹ̀wò yìí dé. Bí ìbàjẹ́ bá wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ yóò gbà pé ara òun le, yóò sì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì fi wà. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ó ti ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà yóò dé ibi àtúnṣe, ohun yòówù tí àyẹ̀wò ì bá sọ.

Ti Arduino Uno yàtọ̀. Ìtọ́ni tó ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé fún un kò ju báìtì 512 lọ, inú kílóbáìtì 32 kan náà tí iṣẹ́ olùlò wà ni ó sì wà. Bí ó bá parẹ́, okùn USB nìkan kò tó mọ́. Ẹ̀rọ mìíràn ni yóò kọ ọ́ padà láti ìta.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tó ń gba ẹ̀rọ là ni pé olùgbàlà kò sí nínú agbọ̀n kan náà pẹ̀lú ohun tí ó fẹ́ gbà là. Bí olùkọ́ bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe ìtọ́ni méjèèjì, ìyàtọ̀ yìí yóò fara sin fún akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ‘àbínibí’ àti ‘àkọsínú’.