Ọkọ̀ Tí Omi Ti Mu Rí: Ohun Tí Ẹ Ó Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Láàárín ẹ̀yin ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, àwọn kan ti ń bi wá bóyá ó dára kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ó yé wa. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ná Òṣogbo tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń fi kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà, kò lè máa jókòó sí ibùdó lójoojúmọ́. A ò ní kí ẹ má rà á. Ohun tí à ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi owó omíyalé ra ọkọ̀ tí omi ti mu rí.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bẹ lọ́jà. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló rì. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò sanwó fún àwọn tó ni ọkọ̀, wọ́n sì lu ọ̀pọ̀ nínú wọn ní gbàǹjo. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń kọ ọ́ sórí ìwé ọkọ̀ pé omi ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kì í sábà bá ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á níbí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí Cotonou tàbí Èkó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, ó di "tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní" nìyẹn. Èyí tó rì nílé níbí, irú èyí tí àgbàrá gbé n'Ìbàdàn lóṣù kẹjọ ọdún 2011, kò tilẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tí a lè fi dá a mọ̀.

Omi kì í pa ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ lè sáré dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ọkọ̀ sì máa kú lójú ọ̀nà. Rewáyà á tún ibì kan ṣe lónìí, ibòmíràn á bàjẹ́ lọ́la. Bíréèkì ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí pé wáyà wà lára ohun tó ń darí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ẹrẹ̀ kúrò nínú yàrá mọ òórùn omi ju ọ̀pọ̀ mọkáníìkì lọ. Ẹ ti gbogbo wíńdò, kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtan éásì. Bí lọ́fínńdà bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ fura. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìpẹ̀kun: àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í sábà rántí ibẹ̀, ìlà ẹrẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìjókòó, ẹ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ wo ihò tí wọ́n ń gbé táyà sípéà sí. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn óìlì. Bí óìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú mọkáníìkì àti rewáyà tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á pè fún yín. Kí wọ́n dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Bí ó bá ní kò sáyè, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbé e.

Ẹ kọ nọ́ńbà ṣásí sílẹ̀. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti ọdún 1981, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀ àti lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ mú un wá sí tábìlì wa, a ó bá yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a ò bá rí nǹkan, ìyẹn nìkan kò sọ pé ọkọ̀ náà mọ́, torí ọkọ̀ tí kò ní adójútòfò lè rì láìsí àkọsílẹ̀.

Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti ọdún 2018, kò gba oníṣòwò láyè láti parọ́ nípa ọjà rẹ̀. Òfin ọjà títà tí a jogún láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 náà ní kí ọjà oníṣòwò ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá yẹ ọjà wò kò lè ráhùn nípa àbùkù tó yẹ kó rí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ títà ló sì dè, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ ta tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ọkọ̀ náà kò rì sómi rí, kó kọ nọ́ńbà ṣásí, orúkọ rẹ̀ àti déètì, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ni kí ẹ sanwó sí ní báńkì.

Bí ẹ bá ti ra irú rẹ̀, ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí mọkáníìkì kọ ohun tó rí sílẹ̀. A mọ̀ pé ó ń wuni láti fọ̀ ọ́ kí a tà á fún ẹlòmíràn, àmọ́ ẹni yẹn lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń tò fún omi ní ibùdó. Ẹ kó rìsíìtì, fọ́tò àti ìwé mọkáníìkì wá bá wa. A ó bá yín kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á. Bí kò bá dáhùn, a ó bá yín kọ̀wé sí FCCPC, a ó sì bá yín dé ọ̀dọ̀ Legal Aid Council ní Òṣogbo.