Ṣé O Mọ̀? Orúkọ Tí Ayé Ń Pe Aró

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ìlú ló di orúkọ àwọ̀? "Indigo" tí òyìnbó ń pe aró, inú èdè Gíríìkì ló ti wá: indikon, ìyẹn "ti Íńdíà". Ibi tí ọjà ti ń wá ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ewé rẹ̀. Kódà, Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ koríko etí omi ni!

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé? Nila ni lédè Sanskrit, èdè àtijọ́ ní Íńdíà. Àwọn Lárúbáwá sọ ọ́ di an-nil, àwọn Potogí gbà á, ó di anil. Anil náà ni wọ́n ń pè é ní Brazil títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé anil ló bí "aniline", òróró tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fà yọ lára aró? Lọ́dún 1856, William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń fi aniline wá oògùn ibà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí oògùn. Àwọ̀ mauve, irú àwọ̀ àlùkò kan, ló bá pàdé, ó sì fi lówó.

Ṣé o mọ̀ pé Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi indigo kún òṣùmàrè kí àwọ̀ rẹ̀ lè pé 7, bí ohùn orin?

Ṣé o mọ̀ pé ewé tiwa yàtọ̀ sí ti Íńdíà? Èlú ni. Àwọn aláró á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí yóò fi kan. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni tó gbé e dání.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí kò rí ewé rí? Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa jíńsì láró lónìí. Ọ̀dọ́ tó bá sọ pé aṣọ aró ti di ti màmá àgbà, kó wo ṣòkòtò ìdí rẹ̀.