Àwọ̀ Kọ́ Là Ń Wò: Ọ́ìlì Páwà Sítíárìn Típà, Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn awakọ̀ típà tó ń kó yanrìn ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, lágbègbè Ìkòròdú, kì í yé bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì páwà sítíárìn mi ti lọ sílẹ̀. Ṣé kí n da pupa sí i ni, àbí ti ẹ́ńjìnì?" Èsì mi kì í yí padà: àwọ̀ kọ́ là ń wò. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó wà nínú mọ́tò, ó sì kan ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kí ni ọ́ìlì yìí ń ṣe gan-an?

Típà tó kún fún yanrìn lè wọ̀n ju tọ́ọ̀nù 20 lọ. Síbẹ̀, ẹ óo rí dírẹ́bà tó ń fi ọwọ́ kan yà á ní kọ́nà. Kì í ṣe oògùn o! Páǹpù kan wà lára ẹ́ńjìnì tó ń ti ọ́ìlì lọ sínú àpótí sítíárìn. Bí dírẹ́bà bá yí ọwọ́ sítíárìn, fáàfù kan á ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì láti ti písítìn sí apá ibi tó fẹ́ yà sí. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, agbára tí ọ́ìlì fi ń tì í lè ju 100 bar lọ. Ìyẹn ni pé lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná àtàńpàkò lọ, ó dà bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lé e.

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1650: bí a bá tẹ ohun olómi tí a dé pa, ìtẹ̀ náà á dé gbogbo ara rẹ̀ bákan náà. Ní ọdún 1926, Francis W. Davis, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ti bá ẹ̀ka ọkọ̀ akẹ́rù ní iléeṣẹ́ Pierce-Arrow ṣiṣẹ́, fi ọgbọ́n yìí ṣe páwà sítíárìn tó ṣeé lò.

Pupa wo lẹ fẹ́ rà?

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì rí. ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì, máa ń pupa torí aró tí wọ́n fi sí i, kí èèyàn lè tètè mọ̀ ọ́n bó bá ń jò. Aró yẹn ò sọ bóyá ó bá mọ́tò yín mu. Típà kan ń lo ATF, òmíràn ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, òmíràn sì ń fẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún sítíárìn. Ìwé ọkọ̀, tàbí ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ọ́ìlì, ló láṣẹ. Ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ tó ti pẹ́ ló ń bèèrè Dexron III. Iléeṣẹ́ General Motors ló ni orúkọ náà, àmọ́ ìparí ọdún 2006 ni ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣe é ti dópin. Nítorí náà, ìgò tó bá kọ Dexron III lónìí, ẹni tó ṣe é ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì yẹ èdìdì ẹnu ìgò wò dáadáa.

Èyí tó burú jù ni bírékì ọ́ìlì. Rọ́bà inú páwà sítíárìn, wọ́n ṣe é láti fara da ọ́ìlì tó wá látinú epo rọ̀bì. Bírékì ọ́ìlì DOT 3 àti DOT 4 kì í ṣe irú ẹ̀. Bó bá kan rọ́bà yẹn, á wú, á rọ̀, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bó bá jò tán, irin ṣì so ọwọ́ sítíárìn mọ́ taya, àmọ́ gbogbo ìwúwo yẹn á já lé dírẹ́bà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá ní kọ́nà tí ọlọ́kadà ń bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ já yanrìn kúrò. Ẹ fi igi ti taya ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹ sì fi irin tó lágbára gbé e dúró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ tú rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì padà sínú ike, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Láì tan ẹ́ńjìnì, ẹ yí sítíárìn lọ sọ́tùn-ún dé òpin, kí ẹ yí i sósì dé òpin, títí ọ́ìlì àtijọ́ á fi jáde. Bí fíítà bá wà nínú ike, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ náà.

Ẹ dá rọ́bà padà, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun, ẹ sì tún yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bù kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí páǹpù ṣiṣẹ́ lófìfo, torí ọ́ìlì yìí kan náà ló ń mú un yọ̀. Lẹ́yìn náà lẹ óo wá tan ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, ẹ má dì í mú síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ.

Bí ọ́ìlì bá ń hó bí ọṣẹ, tí páǹpù sì ń kérora, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fún pọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí sítíárìn fi máa ń ṣe ségesège. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní títàn. Páálí ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì tó ń tú jáde lójú ihò tín-ín-rín lè gún ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá, bí ojú ọgbẹ́ ò tiẹ̀ ju ti abẹ́rẹ́ lọ.

Ọ́ìlì àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má dà á sí gọ́tà, torí ọ̀sà tí a ti ń rí yanrìn àti ẹja ni yóò gbà lọ. Ẹ dé e sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì tí wọ́n ti lò.

Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ ọ́ìlì tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà. Mẹkáníìkì tó bá kàn ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo àwọ̀.