Ilé àti Ọ̀nà ní Àpòmù

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò gba sàkání Ìkirè, níbi tí àwọn tí ń ta dòdò ti máa ń sáré pàdé ọkọ̀. Àpòmù kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Bí arìnrìn-àjò náà bá sọ̀kalẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ìlú, ohun méjì ni yóò ṣe àkíyèsí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá. Lẹ́bàá títì, àwọn ilé tò tẹ̀ léra wọn, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà sí ẹ̀yìn wọn, ọ̀nà yóò dín, yóò lọ́, yóò pín sí méjì, àfàìmọ̀ kí ó má sì bá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni. Àlejò a máa rò pé àwọn baba ńlá wa kò mọ bí a ti ń la ọ̀nà ni. Ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ilé ni a kọ́kọ́ máa ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà. Lóòótọ́, ọ̀nà gbòòrò wà láti ọjà àti ààfin lọ sí bodè. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àlàfo tí ó ṣẹ́kù láàárín agbo ilé kan àti èkejì ni ó ń di ọ̀nà. Agbo ilé ni ibi tí baálé, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jùmọ̀ ń gbé. Wọ́n a kọ́ yàrá yí àgbàlá ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a sì fa òrùlé wá síwájú kí ó lè bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà níwájú àwọn yàrá náà. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ẹrù ni a ṣe é fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé gan-an: níbẹ̀ ni obìnrin ti ń dáná, níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́, níbẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Ní ìlú inú igbó bíi Ifẹ̀ àti Oǹdó, wọn a tún máa ṣe àgbàlá kéékèèké tí òrùlé dà sí láti ìhà gbogbo, kí òjò lè rọ̀ sínú ìkòkò tí a gbé kalẹ̀ dè é. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé máa ń gbà wọlé tí wọ́n sì máa ń gbà jáde. Ògiri tí ó kọjú síta kì í sábà ní fèrèsé.

Kí ló dé tí ilé fi kọ ẹ̀yìn sí ìta báyìí? Ìtàn Àpòmù fúnra rẹ̀ lè dáhùn. Ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé wọ́n a máa jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà yìí, wọn a sì tà wọ́n sí oko ẹrú. Nítorí èyí ni ogun Òwu ṣe ja Àpòmù àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà kan náà lórí ataare tí kò tó nǹkan, ìjà yìí ni ó sì di ogun tí ó pa Òwu run. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fi fèrèsé sí ẹ̀bá ọ̀nà? Ẹnu ọ̀nà kan tí a lè tì lálẹ́ kì í ṣe àìlajú.

Amọ̀ ni a fi ń mọ ilé náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. A ó wa ilẹ̀ pupa, a ó bu omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó wọra. Nígbà náà ni a ó mọ ìpele kìn-ín-ní yí ilé ká. A kò gbọdọ̀ gbé ìpele kejì lé e títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ yóò wó kí ó tó dé òrùlé. Ọ̀rẹ́ àti àna ni wọ́n ń wá ṣe ọ̀wẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn a máa mú kí inú ilé tutù lọ́sàn-án, ó sì lè pẹ́ láyé bí òjò kò bá rí ìdí rẹ̀ jẹ. Koríko tàbí ewé ni wọ́n fi ń bo orí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà: bí iná bá ràn mọ́ orí ilé kan nígbà ọyẹ́, gbogbo àdúgbò lè jóná kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lẹ́yìn tí ogun Kírìjí tú ká pátápátá ní 1893, àyípadà dé. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn, ó sì mú kí páànù àti sìmẹ́ǹtì rọrùn láti rí. Kòkó ni ó fi owó ra wọ́n. Àwòrán ilé tuntun náà ti Èkó wá, lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Bràsílì, tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dáadáa. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní Èkó ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì kọjú sí yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Olówó a gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì lé e, a sì ṣe ọnà sí ojú fèrèsé. Ògiri tí ó ti kọ ẹ̀yìn síta wá yíjú sí títì, nítorí pé ọkọ̀, oníbàárà àti ẹni tí yóò yin onílé, títì ni gbogbo wọn ń gbà.

Irú ìyípadà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú ilé iṣẹ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ há mọ́ra títí àrùn fi ń pa wọ́n, kí òfin ìlera ti 1875 tó fún àwọn alákòóso ìlú ní agbára lórí fífẹ̀ ọ̀nà àti àyè ẹ̀yìnkùlé. Ní 1898 Ebenezer Howard kọ ìwé lórí ìlú tí yóò ní ọgbà àti afẹ́fẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ Letchworth ní 1903 gẹ́gẹ́ bí èrò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé méjì-méjì tí ó fara kan ara wọn, tí òdòdó wà níwájú rẹ̀, ti gba ẹ̀yìn ìlú wọn kan. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀ lé ní Bódìjà ní Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950: ọ̀nà tí a fi okùn wọ̀n, ilé tí ó dá dúró nínú ọgbà tirẹ̀, àti àyè fún mọ́tò.

Ẹni tí ó bá ti sùn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kò ní bú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ka yàrá rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó yà á sórí ìwé ti pinnu pé bàbá, ìyá àti ọmọ ni ẹbí. Níbo ni ìyá àgbà yóò sùn? Ta ni yóò gbọ́ bí tọkọtaya bá ń jà lóru? Nínú agbo ilé, etí púpọ̀ ni yóò gbọ́, ẹnìkan yóò sì dìde. Lóòótọ́, etí kan náà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ní àṣírí. Àwọn ìyàwó kékeré mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Títọ́ ọ̀nà nínú ìlú àtijọ́ tún nira ju bí a ti ń rò ó lọ. Inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn àgbà sí, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀nà gba àárín agbo ilé kọjá, orí ibojì ni ó fẹ́ là á gbà. Ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnìkan tí ó lè dá nìkan fi ọwọ́ sí ìwé. Ní ti òjò, páànù kì í fa omi mu bíi koríko. Ó ń dà á sílẹ̀ wàràwàrà, omi náà a sì gbẹ́ ilẹ̀ àárín ilé di kòtò, títí ìdí ògiri amọ̀ yóò fi hàn síta.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó là ti kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì mọ odi yí i ká. Síbẹ̀, bí ìgbéyàwó tàbí ìnáwó òkú bá dé, inú agbo ilé àtijọ́ ni wọ́n máa ń padà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan rẹ̀ ti wó. Bí àlejò bá sì mú nọ́mbà ilé lọ́wọ́, tí ó ń béèrè ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, àgbàlagbà tí ó bá pàdé kò ní wo ìwé náà. Yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Ọmọ agbo ilé wo ni?”